Akọ Omi Alága Dàwódù

Bí ẹ bá pàdé Ọ̀gbẹ́ni Àlàbá Dàwódù lójú ọ̀nà ní ọdún 1957, tí ẹ kàn sọ pé, "Ẹ káàárọ̀, sà," tí ẹ sì kọjá lọ, ẹ ti rí i fín. Ìkíni tirẹ̀ gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ó kọ́kọ́ dúró, ẹ ó ṣí fìlà tí ẹ bá dé fìlà, ẹ ó wá sọ pé: "Alága Ìgbìmọ̀ Omi, Bàbá Ẹ̀rọ, Apòǹgbẹ-ìlú, ẹ kú iṣẹ́ wa." Bí ẹ bá wà lórí kẹ̀kẹ́, ẹ sọ̀kalẹ̀. Bí ẹ bá ru igi, ẹ sọ ọ́. Bí ẹ bá ń sáré lọ bá rélùwéè, ẹ jẹ́ kí rélùwéè máa lọ; òmíràn ń bọ̀ lọ́la.

Ìsàlẹ̀-Ọ̀pẹ ni ìlú rẹ̀, ìletò kan tó há sáàárín Ìkẹjà àti Agége lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Nígbà náà, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti ń yọrí ní ìhà Ìkẹjà bí olú, lébìrà sì kún gbogbo yàrá tó ṣeé háyà. Omi kànga ni ará ìlú ń mu, wọn a sì máa gbé àmù sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ nígbà òjò. Omi ẹ̀rọ tó ń ti Ìjù lọ sí Èkó ń gba ìtòsí wọn kọjá, ṣùgbọ́n wọn kì í gbọ́ ju ìró rẹ̀ lọ nínú páìpù, bí ẹni tó ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ ilé ẹlòmíràn.

Akọ̀wé tíkẹ́ẹ̀tì ni Dàwódù ní ilé rélùwéè tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jókòó sẹ́yìn ihò kékeré kan, kò sì sí èrò ọkọ̀ kan tó rí ju àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lọ. Bóyá ìyẹn ló fà á tó fi jẹ́ pé, nígbà tí wọ́n dìbò yàn án sí ìgbìmọ̀ ìlú, ó pinnu pé gbogbo ayé gbọ́dọ̀ rí òun láti orí dé ẹsẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe alága ọ̀rọ̀ omi nítorí pé kò sí omi ẹ̀rọ kankan nílùú. Wọ́n ní ibi tí kò ti sí nǹkan, kí ni ènìyàn yóò bàjẹ́ níbẹ̀? Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má fojú di ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fún ọmọ ènìyàn.

Ó ní akọ̀wé kan, Gàníyù. Iṣẹ́ méjì ni Gàníyù ń ṣe: kí ó kọ ohun tí alága bá sọ sílẹ̀, kí ó sì pàtẹ́wọ́ sí i. Ọwọ́ kan náà ló ń lò fún méjèèjì, nítorí náà àkọsílẹ̀ ìgbìmọ̀ kì í sábà parí.

Ní ọdún yẹn, ìjọba rán òyìnbó kan láti Ìbàdàn kí ó wá gbẹ́ omi fún Ìsàlẹ̀-Ọ̀pẹ. Dàwódù ti yan ibi tí wọn yóò gbẹ́ ẹ sí: iwájú ilé òun gan-an. Òyìnbó lu ilẹ̀ náà, omi yọ, ó tọ́ ọ wò, ó sì fajúro. Ó sọ̀rọ̀ sí Gàníyù létí.

"Kí ló wí?" ni Dàwódù bèèrè.

"Ó ní omi náà le, sà. Ó ní òkúta ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ti yọ́ sínú rẹ̀. Ó ní kí a sún un sí apá odò."

"Ó le?" Dàwódù rẹ́rìn-ín músẹ́, bí olùkọ́ tó gbọ́ ìdáhùn ọmọdé. "Gàníyù, bí ènìyàn bá ń ṣàìsàn, kí là ń gbàdúrà fún un? Ṣé kí ara rẹ̀ máa gbọ̀n ni, àbí kí ó le?"

"Kí ó le ni, sà!"

"Omi tó bá wá le fúnra rẹ̀, kí ni yóò ṣe fún ará ìlú?"

"Ara yóò le koko, sà!" Gàníyù ti ń pàtẹ́wọ́.

"Bí wọ́n bá sì tò síwájú ẹ̀rọ níbí yìí, ibo ni ojú wọn yóò máa wò?"

Gàníyù yíjú wo òkè. "Bàkọ́nì yín ni, sà."

"Sọ fún òyìnbó kí ó gbẹ́ ẹ síbẹ̀."

Òyìnbó gbé èjìká sókè, ó gbẹ́ ẹ síbẹ̀, ó gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ. Kì í ṣe òun ni yóò fi fọ aṣọ.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ náà, Dàwódù dúró lórí bàkọ́nì, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ̀yin ènìyàn mi! Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni omi ti ń ti òkè wá. Mo ní kí ó ti ìsàlẹ̀ wá. Ó sì wá! Ànábì Mósè lu àpáta, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ bi mí, ǹjẹ́ ó fi páìpù sí i? Kò fi sí i! Èmi fi sí i!" Ọ̀rọ̀ náà gùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó gbé garawa wá fi jókòó lé e, tí ìdí garawa sì tẹ̀. Nígbà tí omi yọ níkẹyìn, wọ́n hó yèè. Ó mọ́ gaara. Ó tutù. Ẹnikẹ́ni tó bá wò ó yóò gbà pé omi ni.

Ọdúnayọ̀, ìyàwó tuntun kan tí kò tíì pẹ́ nílé ọkọ, ló kọ́kọ́ fi fọṣọ. Ó fi ọṣẹ ra ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀, ó ra á, ó ra á, kò hó. Nǹkan kan bí wàrà tó ti bàjẹ́ ló léfòó sórí omi, ó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí àtè. Ó rò pé ọṣẹ ni kò dáa. Ó lọ yá ti aládùúgbò. Ti aládùúgbò náà kò hó. Nígbà tí ṣẹ́ẹ̀tì náà gbẹ, ó gan bí awọ tí wọ́n sá sóòrùn.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi kan gbogbo ilé. Ìkòkò tí wọ́n fi ń se omi tíì hu nǹkan funfun nínú bí ẹfun, ó ń nípọn lójoojúmọ́. Orí tí àwọn obìnrin fọ̀ kò ṣeé yà. Irun lẹ̀ pọ̀, òòyà ń kán. Àwọn mùsùlùmí a ṣe àlùwàlá tán, wọn a dé mọ́sáláṣí pẹ̀lú ẹsẹ̀ funfun bí ẹni tó gba inú eérú kọjá. Aṣọ àdúrà ìjọ Aládùúrà tó wà nídìí ọ̀pẹ náà di àwọ̀ eérú. Wòlíì wọn ní ẹ̀ṣẹ̀ ìjọ ló ń hàn lára aṣọ, ó ní kí wọ́n gbààwẹ̀. Wọ́n gbààwẹ̀ títí wọ́n fi rù. Aṣọ kò funfun.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù ni Fàúsát, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń se ẹ̀wà fún àwọn lébìrà tó ń kọ́ ilé-iṣẹ́. Ọkọ rẹ̀, Làsísì, jẹ́ bíríkìlà níbẹ̀. Fàúsát a gbé ẹ̀wà kaná ní ìdájí, oòrùn a kan àtàrí, ẹ̀wà a ṣì wà bí ó ṣe wà nínú àpò. Igi ń tán, ẹ̀wà kò rọ̀.

Lébìrà kan bu ṣíbí kan sẹ́nu, ó tu ú sí àtẹ́lẹwọ́. "Ìyá ẹlẹ́wà, ṣé oúnjẹ lẹ bù fún mi, àbí ẹ ti kó lára òkúta tí a fẹ́ fi po kọnkéré?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Fàúsát kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀wà yẹn ló fi ń tọ́ ọmọ mẹ́rin.

Òun ló kó àwọn obìnrin lọ sí ìsàlẹ̀ bàkọ́nì. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ki Dàwódù tán, ìkíni náà sì gùn débi pé orúnkún ń ro wọ́n.

"Bàbá, omi yìí kò hó ọṣẹ," ni Fàúsát wí. "Ẹ̀wà kò jinná nínú rẹ̀. Wọ́n ní omi kò lọ́tá, ṣùgbọ́n èyí ti ń wá a."

Dàwódù tẹ́tí sílẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ ìkùnsínú kòkòrò. Ó gbé ohùn sókè. "Ìyá ẹlẹ́wà, ǹjẹ́ o mọ akọ igi?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Ṣé ó máa ń rọ̀ lábẹ́ àáké? Akọ òkúta ńkọ́, ṣé ó máa ń fọ́ wẹ́wẹ́? Omi tí ẹ ń fà nínú kànga láti ọjọ́ yìí, abo ni! Ẹ kàn fọwọ́ kàn án, ó ti hó, ó ti ń ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí, akọ omi ni! Omi tó mọ iyì ara rẹ̀! Kì í hó fún ọṣẹ kọ́ṣẹ!"

"Ẹ̀wà ńkọ́, sà?"

"Ẹ̀wà náà ń kọ́ láti le ni."

"Háà!" ni Gàníyù ké, ó sì pàtẹ́wọ́ débi pé bíírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọgbọ́n rèé o! Ọgbọ́n tí kò jinná! Mo fẹ́ sọ pé, ọgbọ́n tó jinlẹ̀!"

Àwọn obìnrin dìde, wọ́n gbọn iyẹ̀pẹ̀ orúnkún nù, wọ́n sì padà sídìí kànga wọn. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn gidi ni Dàwódù, ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀. Kí ẹ̀rọ wà, kí kànga wà, kí oníkálukú mú èyí tó wù ú. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Dàwódù jáde sórí bàkọ́nì pẹ̀lú agbádá tuntun, ó wo ìsàlẹ̀, kò rí ju adìyẹ kan lọ nídìí ẹ̀rọ. Adìyẹ náà kò sì gbójú sókè. Inú bí i.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn wolé-wolé jáde pẹ̀lú òòlù àti ìṣó. Wọ́n kan pákó bo gbogbo kànga. Dàwódù ní omi kànga jẹ́ àbùkù fún ìlú tó ti lajú. Nígbà tí ó gbọ́ pé àwọn ènìyàn ti ń gbé àmù sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ó fi òfin de òjò pẹ̀lú. Ó ní òjò kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ kí ó tó rọ̀.

Olórí wolé-wolé họ orí. "Sà, bí ẹnì kan bá gbàgbé abọ́ síta, tí òjò sì rọ̀ sí i ńkọ́?"

"Bí ojú ọjọ́ bá ti ṣú, kí oníkálukú lọ dojú abọ́ rẹ̀ délẹ̀."

Ẹ gbà mí gbọ́ tàbí ẹ má gbà mí gbọ́: ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀pẹ, bí àrá bá sán, àwọn àgbàlagbà ń sáré kiri àgbàlá, wọ́n ń dojú ìkòkò délẹ̀, kí Ọlọ́run má baà ta wọ́n lọ́rẹ.

Fàúsát kò dojú tirẹ̀ délẹ̀. Ó gbé àmù kan pamọ́ sẹ́yìn ilé ìdáná, ó fi omi òjò rẹ ẹ̀wà. Àwọn wolé-wolé bá a níbẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Ó bẹ̀ wọ́n. Ó ní kí wọ́n da omi, kí wọ́n jọ̀ọ́ fi ẹ̀wà sílẹ̀. Olórí wọn kò wo ojú rẹ̀. Ó da ìkòkò náà nù tomi-tẹ̀wà sínú gọ́tà. Adìyẹ ló jẹ oúnjẹ lébìrà lọ́jọ́ yẹn, àwọn lébìrà sì rìn lọ sí Dọ̀pẹ̀mú lọ wá ẹ̀wà tó rọ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò padà wá mọ́.

Fàúsát jókòó ti ìkòkò òfìfo náà títí. Kò sunkún. Nígbà tí Ọdúnayọ̀ àti àwọn ìyá àgbàlá wá bá a kẹ́dùn, ó gbójú sókè, ó ní:

"Ẹ̀yin ìyá, alága ní akọ ni omi yìí, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ló wí."

"Èmi abo, kí ni mò ń bá akọ jìjàkadì sí? Láti òní lọ, kí akọ lọ máa bá akọ."

Ìyá arúgbó kan bú sẹ́rìn-ín, gbogbo wọn sì gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí obìnrin kan tó pọn omi ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀pẹ, kò sí èyí tó fọṣọ tàbí tó gbé ìkòkò kaná. Wọ́n jókòó sójúde, wọ́n ń dirun fún ara wọn. Bí ọkọ bá bèèrè aṣọ, wọn a dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Olówó orí mi, iṣẹ́ akọ ni. Alága ló pàṣẹ."

Ẹ ò bá wá wo ìdí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà! Bíríkìlà ni o, káfíńtà ni o, àwọn tó ń ta obì ní Agége, wọ́n tò lọ bí ọmọ ilé-ìwé. Làsísì, ọkọ Fàúsát, ọkùnrin tó lè gbé àpò simẹ́ńtì méjì lẹ́ẹ̀kan, jókòó ti síńgílẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Ó ra á títí odidi ọ̀pá ọṣẹ fi tán. Ó gbé síńgílẹ́ẹ̀tì sókè. Ó dọ̀tí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó bojú wo ọwọ́ rẹ̀ tí àtè ọṣẹ ti lẹ̀ mọ́, ó sì sọ wẹ́rẹ́ pé, "Ọ̀rọ̀ tí obìnrin yìí ti ń sọ láti ìjọ́ yìí nìyí? Èmi wá ń sọ fún un pé kò mọ ẹ̀wà á sè."

Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí àwọn ọkùnrin fi kó ara wọn jọ sísàlẹ̀ bàkọ́nì. Wọn kò kúnlẹ̀.

"Alága, ẹ ṣí kànga wa," ni Làsísì wí. "Bí ẹ kò bá ṣí i, a ó lọ sí Ìbàdàn."

"Ìbàdàn?" Dàwódù bú sẹ́rìn-ín. "Kí ni ẹ ń lọ ṣe ní Ìbàdàn? Èmi yóò mú Ìbàdàn wá bá yín! Mínísítà fúnra rẹ̀ yóò wá, yóò ṣí ẹ̀rọ kejì tí a óò gbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, yóò sì rí i pé ara mi tí mò ń fi omi yìí wẹ̀ lójoojúmọ́ ń dán bí dígí!"

Ara rẹ̀ ń dán lóòótọ́. Agbádá rẹ̀ sì funfun bí ẹyẹ lékeléke láàárín ìlú eléérú. Gàníyù ti ṣàlàyé rẹ̀: ó ní omi náà mọ ọ̀gá rẹ̀ ni.

Ọdúnayọ̀ ló rídìí ọ̀rọ̀ náà. Ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà nígbà tí lọ́rì ìgbìmọ̀ ń ti ọ̀nà Ìjù bọ̀ lọ sílé Alága, èyí tí gbogbo ènìyàn rò pé yanrìn ló ń kó. Lọ́rì náà bọ́ sí kòtò, omi sì dà jáde lábẹ́ tapólì, ó rẹ obìnrin náà láti èjìká dé ẹsẹ̀. Àtè ọṣẹ tó fi wẹ̀ lánàá ṣì wà lára apá rẹ̀. Bí ó ṣe fọwọ́ pa á báyìí, apá hó kùṣù. Ó sáré wọ inú àgbàlá pẹ̀lú apá nínà bí ẹni tó gbé ẹyin dání.

"Ẹ wò ó! Omi Ìjù ni! Ilé Alága ló ń gbé e lọ!"

Àwọn kan ní kí wọ́n lọ pariwo níwájú ilé rẹ̀. Fàúsát ní rárá. Ó wé gèlè, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ bá ìyàwó Dàwódù, Adébísọ́lá, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Yẹmí. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í jáde púpọ̀ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ omi ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ kú ilé, Ìyá Yẹmí. Mi ò bá ìjà wá. Mo kàn fẹ́ kí ẹ bu omi díẹ̀ fún mi nínú èyí tí Bàbá ń lò, kí n fi se ẹ̀wà fáwọn ọmọ mi."

Adébísọ́lá jókòó sórí àpótí. "Ẹ ti mọ̀."

"A ti mọ̀."

"Inú yàrá ni Bàbá Yẹmí ní kí n máa sá aṣọ sí," ni ó wí, "kí ẹnikẹ́ni má baà rí bí ó ṣe funfun tó. Bí mo bá gbọ́ ohùn yín lójúde, mo máa ń ti fèrèsé. Èmi tí mo dàgbà sídìí kànga bíi tiyín." Ó dìde, ó bu omi kún ìkòkò Fàúsát dé ẹnu. "Mi ò ní bá yín pariwo o, ọkọ mi ni. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń yìn fún ìlú ni wọn yóò lò lọ́jọ́ tí àlejò wọn bá dé."

Ọjọ́ náà dé. Dàwódù jí tayọ̀tayọ̀, ó ń ka ọ̀rọ̀ tí yóò sọ fún Mínísítà sókè, ó sì wọ balùwẹ̀. Ó fi ọṣẹ bo orí, ó fi bo ojú, ó fi bo gbogbo ara, ó wá bu omi dà á. Ọṣẹ dì. Ó tún bu omi. Ọṣẹ náà lẹ̀ mọ́ ọn ní irun, ó há sí i ní etí, ó di funfun sí i nínú irùngbọ̀n.

"Ìyá Yẹmí! Omi wo lo bù fún mi?"

"Omi yín ni, Bàbá Yẹmí," ni Adébísọ́lá dáhùn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Akọ omi ni."

"Omi Ìjù dà?"

"Mo ní kí Síkírù má lọ lánàá. Mínísítà ń bọ̀ wá wo omi ìlú, mo rò pé ẹ ó fẹ́ kí ó bá a lára yín."

"Agbádá mi ńkọ́?"

"Mo ti fọ̀ ọ́. Òun náà ni mo fi fọ̀ ọ́."

Dàwódù gbé orí eléfun náà yọ lójú fèrèsé, ó ké sí dírẹ́bà. "Síkírù! Gbé lọ́rì! Sáré lọ sí Ìjù! Ibikíbi tí mo bá wà, gbé omi náà bá mi níbẹ̀! Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá ọ dúró!"

"Yẹ́ẹ̀sì, sà!" ni Síkírù wí, ó sì fò sínú lọ́rì. Dírẹ́bà tó ń bẹ̀rù ọ̀gá ni. Ọ̀gá rẹ̀ ti gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ fún odidi oṣù kan rí, nítorí pé ó pè é ní "Bàbá" lásán níwájú àlejò. Láti ìgbà náà, ó ti há gbogbo oríkì ọ̀gá rẹ̀ sórí.

Kí Síkírù tó padà dé, fèrè ọkọ̀ Mínísítà ti dún ní ojú pópó. Kò sí bí Dàwódù yóò ti ṣe é. Ó gbé agbádá náà wọ̀. Aṣọ náà kò balẹ̀ sí i lára. Ó gan kangí. Bí Dàwódù bá yí sọ́tùn-ún, agbádá a kọ́kọ́ dúró, a rò ó wò, kí ó tó tẹ̀ lé e.

Ìlú ti pé jọ sítòsí ẹ̀rọ. Mínísítà jókòó lórí pèpéle, ó wo ojú olùgbàlejò rẹ̀ tó funfun bí ti ẹni tí wọ́n fi ẹfun kùn, ó sì rọra bi í léèrè pé, "Alága, ṣé ara yín yá?"

"Ọlọ́lá, ara mi le!" Bí ó ṣe rẹ́rìn-ín, ọṣẹ tó ti gbẹ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sán, èérún rẹ̀ sì jábọ́ sórí tábìlì. Ó kọjú sí ìlú. "Ẹ̀yin ènìyàn Ìsàlẹ̀-Ọ̀pẹ! Omi wo ló ju omi yìí lọ? Ta ni ó ní mi ò fi í wẹ̀? Ta ni ó ní mi ò mu ún? Láti ọjọ́ kìíní, ẹ̀kán omi mìíràn kò tíì kan awọ ara mi! Bí mo bá purọ́, kí..."

Lọ́rì fọn fèrè. Ọ̀lọ́pàá kan na ọwọ́ láti dá a dúró, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní kí Síkírù má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá òun dúró. Ó wa lọ́rì náà tààrà dé ẹsẹ̀ pèpéle, ó fò bọ́ sílẹ̀, ó ṣí fìlà, ó sì ké tantan pé:

"Alága Ìgbìmọ̀ Omi, Bàbá Ẹ̀rọ, Apòǹgbẹ-ìlú! Omi ìwẹ̀ yín ti Ìjù dé o, sà! Dúrọ́ọ̀mù méjì!"

Àní Gàníyù gan-an kò pàtẹ́wọ́.

"Omi... omi tí wọn yóò fi po simẹ́ńtì ni, Ọlọ́lá," ni Dàwódù wí.

Ẹ̀rù ba Síkírù. Ó rò pé wọ́n fẹ́ sọ pé òun gbé èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ wá. "Rárá o, sà! Èyí tí mò ń gbé wá fún yín ní gbogbo àárọ̀ náà ni! Ẹ tọ́ ọ wò!"

Mínísítà dìde, ó sọ̀kalẹ̀. Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè, ó ní kí ẹnì kan fún òun ní ọṣẹ. Fàúsát ló nà án sí i, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. Mínísítà fọwọ́ nínú omi dúrọ́ọ̀mù: ó hó dé ọrùn ọwọ́. Ó rìn dé ìdí ẹ̀rọ, ó fọwọ́ níbẹ̀: ọṣẹ náà di èérí, ó lẹ̀ mọ́ ọwọ́ aláṣẹ bí ó ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mẹ̀kúnnù. Ó gbọn ọwọ́, kò lọ. Ó fi ìnujú nù ún, ìnujú lẹ̀ mọ́ ọn.

"Alága," ni ó wí, "èwo nínú omi méjèèjì lẹ ní kí n wá ṣí?"

Dàwódù wo dúrọ́ọ̀mù, ó wo ẹ̀rọ, ó tẹrí ba. Agbádá rẹ̀ nìkan ló dúró ṣinṣin.

Ìgbà náà ni Gàníyù bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Ó kọjú sí Mínísítà. "Ọgbọ́n rèé o, Ọlọ́lá! Èmi ti ń sọ fún un láti ọjọ́ kìíní! Kò gbà!"

Ẹ̀rín tí ìlú fi bú sílẹ̀, wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ dé ilé rélùwéè. Dàwódù sọ̀kalẹ̀ láti orí pèpéle láàárín ẹ̀rín náà. Adébísọ́lá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dì í lápá mú, ó sì mú un lọ sílé.

Kí oṣù náà tó parí, ìgbìmọ̀ ìlú ti yọ ọ́ nípò. Nígbà tí wọ́n dìbò, ọwọ́ méjèèjì ni Gàníyù nà sókè. Wọ́n gba lọ́rì, wọ́n yọ pákó lórí kànga. Làsísì ló fi òòlù rẹ̀ tú ti àgbàlá wọn, Fàúsát sì dúró tì í. Kò pẹ́ tí òórùn ẹ̀wà fi mú àwọn lébìrà padà láti Dọ̀pẹ̀mú. Mínísítà ṣèlérí pé páìpù Ìjù yóò ya wọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀pẹ. Ìlérí tó dára púpọ̀ ni. Nígbà tí mo kúrò ní àdúgbò náà, ó ṣì dára, ẹnikẹ́ni kò tíì lò ó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Adébísọ́lá gbé garawa, ọṣẹ àti bùbá kan lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní òun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ omi tó láyé òun, pé kí wọ́n jọ lọ sídìí kànga, kí oníkálukú fọ tirẹ̀. Dàwódù tẹ̀ lé e, ó ń wolẹ̀. Àwọn obìnrin sún fún un láyè nígbà tí wọ́n rí i. Kò sí ẹni tó bú u. Fàúsát fa omi, ó dà á sínú garawa fún un.

Dàwódù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọṣẹ ra bùbá náà. Ọṣẹ hó. Ó hó bo ọwọ́ rẹ̀, ó hó kún garawa, ó ń dà sílẹ̀ ní funfun láúláú. Ó wò ó. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Ó nà dúró díẹ̀díẹ̀, ó wo àwọn obìnrin yíká, ó gbé ohùn sókè.

"Ṣé ẹ rí i?" ni ó wí. "Mo ti sọ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ pé omi ìlú yìí dára!"

Adébísọ́lá fọwọ́ bo ojú. Fàúsát tú ìdì ẹrù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kó gbogbo aṣọ iṣẹ́ Làsísì tó ti gan fún simẹ́ńtì jáde, ó sì dà á síwájú Dàwódù.

"Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá," ni ó wí. "Ẹ bá wa fọ ìwọ̀nyí kún un."

Dàwódù wo aṣọ náà. Ó wo ẹ̀yìn, bóyá akọ̀wé kan wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ọṣẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.